Aṣọ Pupa Ẹnu Èbúté

Bí ẹ bá dé èbúté wa ní kùtùkùtù, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo ọ̀sà, ẹ ò ní rí ọkọ̀ kankan. Ẹ máa gbọ́ wọn ni. Ẹ máa gbọ́ àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀, bó ṣe ń wọ inú omi, tó ń jáde, tó tún ń wọlé. Ẹ máa gbọ́ ẹnì kan tó ń kọ orin ìsìn jẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ máa fi mọ̀ pé ọmọ ibí ló ń bọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti dé ibi òpó ẹnu èbúté gbọ́dọ̀ gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, kó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yọ́ wọlé. Àwọn obìnrin wà nínú omi níbẹ̀, omi mù wọ́n dé ìbàdí, wọ́n ń ṣan edé, abọ́ wọn léfòó níwájú wọn. Ẹni tó bá fi agbára wa ọkọ̀ wọlé á da ìgbì bò wọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí síbì kankan. Ẹni tí kò bá ṣáà ṣe é, orúkọ kan ṣoṣo la ní fún un: àlejò.

Bàbá Zechariah Akínyẹlé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ló so aṣọ pupa mọ́ orí òpó yẹn, kí àwọn ọlọ́kọ̀ lè tètè rí i nínú ìkùukùu. Èmi Olúrẹ̀mí, ilé mi ló kọjú sí èbúté náà. Mo kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, ní apá Mákùn-Omi, títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì ní sùúrù fún ẹni tó bá ń sọ fún mi pé ọlọ́kọ̀ lásán kò ní ìtàn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, Kérúbù ni tirẹ̀. Látìgbà tí a ti jọ wà ládùúgbò, a ò tíì fẹnu kò lórí ohunkóhun àyàfi pé ẹja tútù dára ju ẹja yíyan lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé èèyàn sọdá ọ̀sà. Ó gbé àwọn ọmọ iléèwé, ó gbé ìyàwó tuntun, ó gbé òkú, ó gbé àwọn aláṣọ funfun tó ń lọ sí ìsọjí ní òdìkejì. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, Ọmọ́títí, ṣì ń rá, kò sì rí ẹni tó máa bá a gbé ọmọ náà dání, ló bá ń gbé e sínú ọkọ̀. Àárín ẹsẹ̀ àwọn èrò ni ọmọ yẹn ti ń sùn. Nígbà tó tó gbé àjẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dé ibi aṣọ pupa, á fi ìka kan ẹ̀yìn ọmọ náà, á ní, "Gbé e." Ọmọ á gbé e. Nígbà tó yá, kò kàn án lẹ́yìn mọ́. Nígbà tó tún yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ Ọmọ́títí á kàn gòkè fúnra rẹ̀, bí ojú ṣe ń ṣẹ́.

Alálàá ni bàbá yìí, kí n má parọ́. Nínú ìjọ wọn, wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi fún ẹni tó bá lá àlá láti dìde sọ ọ́, kí wọ́n gbàdúrà lé e. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí Bàbá Zechariah kì í dìde. Àlá rẹ̀ kò yàtọ̀: omi, ọkọ̀, ìkùukùu, ẹnì kan tó ń pe ẹnì kan. Mo máa ń sọ fún un pé ohun tó ń rí lójoojúmọ́ náà ló ń lá. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Tíṣà, ẹ̀yin Áńgílíkà ò kúkú ń sùn dáadáa."

Bí Ọmọ́títí ṣe di ẹni tó ń ṣojú Nàìjíríà kò gbà mí lọ́rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ṣe ìdíje ọkọ̀ wíwà ní Ẹ̀pẹ́, ó lọ, ó fi gbogbo wọn sẹ́yìn, olùkọ́ni kan sì mú un lọ sí kám̀pù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ Raheemah, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó ni wọ́n bí Raheemah sí, pákó tó ń gbé ló fún un lápá, kó tó dé kám̀pù kò sì rí omi tó ju odò lọ rí. Àwọn méjèèjì á kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, Ọmọ́títí níwájú, Raheemah lẹ́yìn, wọ́n á sì máa wà á bíi pé ẹnì kan ni wọ́n.

Nígbà tí ìdíje ńlá dé, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń díje nínú eré sísá, ìjàkadì, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, irin gbígbé àti gbogbo irú rẹ̀, rédíò kò kúrò ní èbúté mọ́. Àwọn tiwa ń gbìyànjú. Àwọn oníjàkadì gba wúrà, àwọn asáré já wa kulẹ̀, a bú wọn, a tún gbàdúrà fún wọn. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ wíwà kàn, gbogbo wa kóra jọ sábẹ́ àtíbàbà ìjọ Kérúbù létí omi, fóònù mi la gbé ti ìgò epo lórí tábìlì.

Ẹ wo bí omi ìlú yẹn ṣe dákẹ́ tó, tí wọ́n fi okùn pín in bí ebè. Àwọn ọmọ wa ń bọ̀. Wọ́n wà níwájú. Wọ́n ti fi ọkọ̀ yòókù sílẹ̀ dáadáa, èèyàn ń pariwo "Nàìjíríà! Nàìjíríà!" nínú fóònù náà. Ní ibi tí eré ti máa parí, wọ́n ti ri òpó sínú omi, wọ́n sì so àsíá pupa mọ́ ọn.

Ọmọ́títí rí pupa yẹn. Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà wa? Inú wa dùn. Ìyá Gbémi, tó ń ta edé, pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbọ́!" Àwọn àgbà mi orí. Bàbá Zechariah rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó gbé e." Gbogbo wa rí ọmọ tó mọ̀wà hù, a sì yọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ náà yí imú, torí pé Raheemah ṣì ń wà á lẹ́yìn, tí àwọn ọkọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà náà ni a tó rántí pé èbúté kọ́ nìyẹn. Ipò kẹrin ni wọ́n ṣe. Wọn ò gba nǹkan kan.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Bàbá Zechariah, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa ọmọ náà lórí fóònù, mi ò ní tún un sọ. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní ó ti ń juwọ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ kó tó borí. Àwọn tí omi ìwẹ̀ nìkan ló mọ ẹsẹ̀ wọn! Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pa fóònù náà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n dé, Raheemah tẹ̀ lé Ọmọ́títí wá sí ọ̀dọ̀ wa. Mo gbọ́ pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú bàálù. Raheemah kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó dìde, ó ní, "Mà, mo fẹ́ rí ohun tó gba wúrà lọ́wọ́ mi ni." Ó lọ jókòó létí omi ní ìdájí. Ọkọ̀ kan jáde láti inú ìkùukùu, ó dé ibi aṣọ pupa, àjẹ̀ gòkè. Òmíràn jáde, àjẹ̀ gòkè. Ọmọ kékeré kan tí kò tíì tó iléèwé lọ jáde, ó ń wa ọkọ̀ ìyá rẹ̀, àjẹ̀ tirẹ̀ náà gòkè. Àwọn obìnrin kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú omi. Raheemah jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Nígbà tó dìde, ìbínú ti lọ lójú rẹ̀, omijé ló wà níbẹ̀. Ó lọ bá Bàbá Zechariah.

"Bàbá," ó ní, "ẹ má bínú o. Olùkọ́ni wa ti gbìyànjú, kò lè yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ Ọmọ́títí. Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ yọ ọ́."

Bàbá Zechariah wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bẹ àwọn obìnrin aledé lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n bá òun sún lọ sí ìsàlẹ̀ odò díẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ojú fèrèsé mi ni mo ti ń wò wọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fún Ọmọ́títí láyè láti kúrò ní kám̀pù, ilé ló ń wá, bàbá rẹ̀ á sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀, bí ìgbà tó wà ní kékeré. Wọ́n á jáde sínú ìkùukùu, wọ́n á yí padà, wọ́n á máa bọ̀ tagbáratagbára. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ aṣọ pupa, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Má gbé e! Má gbé e!" Ọwọ́ ọmọ náà á gòkè síbẹ̀. Wọ́n á tún padà. Ohùn bàbá náà máa ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó lé àlejò jáde nílé ara rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọwọ́ yẹn tó gbọ́. Àmọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà dé ibi òpó, ó kọjá òpó, àjẹ̀ kò dúró. Ìgbì gun òkè èbúté, ó sì gbé bàtà tí ẹnì kan bọ́ síbẹ̀ lọ. Ọmọ́títí hó ìhó ayọ̀. Bàbá rẹ̀ bọ́ fìlà, ó fi nu ojú.

Ojú náà ti ń ṣú nígbà yẹn. Dókítà ní nǹkan ti bà á jẹ́ látẹ̀yìn, kò sí ohun tí awò máa ṣe sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni ìkùukùu tó ń rí lórí omi ń tẹ̀ lé e wọlé, títí tí kò fi kúrò mọ́. Ó fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Á jókòó sórí àpótí kan ní ẹnu èbúté láti òwúrọ̀, á máa fi etí dá àwọn ọlọ́kọ̀ mọ̀.

Àsìkò yìí ni àlá tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá a. Ó dìde nínú ìjọ, ó sọ ọ́. Ó ní òun rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ nínú ìkùukùu, Ọmọ́títí ló ń wà á. Ó dé ibi aṣọ pupa, kò dúró. Ó kọjá àárín àwọn aledé, ó gun iyanrìn, ó gba ẹnu ọ̀nà ìjọ wọlé, ó wa ọkọ̀ gba àárín àga kọjá, iyanrìn ń ṣàn bí omi lábẹ́ rẹ̀. Òun sì ń pe é, "Ọmọ mi, ibo lò ń yún? Ibo lò ń lọ?" Kò wo ẹ̀yìn. Ó kọjá lọ sọ́nà Ìbíadé. Lará, tó jẹ́ aríran wọn, ní àlá rere ni, wọ́n máa fún ọmọ náà ní físà. Wọ́n kọrin ọpẹ́.

Bàbá Zechariah kò gbà á gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. "Tíṣà," ó ní, "mo fẹ́ kí ó borí. Ọlọ́run mọ̀. Bí wọ́n ṣe bú u yẹn dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá mi fi sí mi lọ́wọ́, tí mo fi sí tirẹ̀, mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní í padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tó máa padà wá sílé kò ní jẹ́ ọmọ mi."

Mo sọ fún un pé kó yéé sọ ìsọkúsọ. Mo bu ẹ̀bà fún un. Kò jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje kejì bẹ̀rẹ̀, Ọmọ́títí wá kí wa pé ó dìgbóṣe. Ó yá ọkọ̀ ẹnì kan láti fi nara díẹ̀. Ọ̀sán ni, àwọn aledé ti padà sí àyè wọn. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i tó ń bọ̀, mo sì rò pé yóò gbé àjẹ̀ rẹ̀. Kò gbé e. Ó wọlé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìgbì bo Ìyá Gbémi dé ọrùn, abọ́ rẹ̀ dojú dé, edé tàn kálẹ̀ lórí omi. Ìyá Gbémi tu omi lẹ́nu, ó nu ojú, ó pariwo, "Àlejò wo nìyí?" kó tó rí ojú ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Nígbà tó rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ́títí wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ó bẹ́ sínú omi, ó ń ṣa edé, ó ń sunkún, Ìyá Gbémi ń ní "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi, kò sí nǹkan kan." Lórí àpótí rẹ̀, Bàbá Zechariah kò mira. Ó ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n pe ọmọ rẹ̀.

Ó lọ. Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn, ikọ̀ Nàìjíríà kò kọ́kọ́ rọ́wọ́ mú. Rédíò ń ka orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó gba wúrà, tiwa jìnnà sísàlẹ̀ débi pé Ìyá Gbémi ní kí wọ́n bá òun pa á. Ọmọbìnrin kan gbé irin, ó gba fàdákà. Àwọn asáré wa gba idẹ, wọ́n sunkún, àwa náà sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ ọkọ̀ kàn, a tún kóra jọ sábẹ́ àtíbàbà, fóònù tún wà lára ìgò epo. Bàbá Zechariah kò lè rí nǹkan kan mọ́. Ó gbé etí sún mọ́ ọn.

Mo ń sọ ọ́ fún un bó ṣe ń lọ. Mo ní wọ́n wà nípò kejì. Mo ní wọ́n ń sún mọ́ ọkọ̀ iwájú. Mo ní, "Àsíá pupa ti yọ." Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, "Má gbé e, má gbé e," bíi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló jókòó sí. Ọkọ̀ méjì dé ìlà pọ̀. Ó ti rẹ ẹni iwájú nínú ọkọ̀ tí wọ́n jọ ń du ìlà, ó sinmi díẹ̀. Àwọn tiwa kò sinmi. Àwòrán tí wọ́n yà ní ìlà ni wọ́n fi mọ ẹni tó borí: Nàìjíríà ni.

Ariwo tó sọ níbẹ̀ ju ti ìsọjí lọ. Àwọn aláṣọ funfun gbé èmi Áńgílíkà sókè. Nígbà tí wọ́n gbé mi sílẹ̀, Bàbá Zechariah ṣì di ọwọ́ mi mú. Omi ń jáde lójú rẹ̀ tí kò ríran. Ó ní, "Tíṣà, lẹ́yìn ìlà ńkọ́? Ṣé ó gbé e lẹ́yìn ìlà?"

Mo tún un wò. Wọ́n ti kọjá ìlà, wọ́n ṣì ń wà á lọ, wọ́n ń lọ, bíi pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé eré ti parí.

"Rárá," mo ní.

Ó ní ó dára. Ó ní kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wálé, àwọn ìjòyè ìjọba ìbílẹ̀ ta àtíbàbà sí ẹ̀bá títì, wọ́n to àga, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀. Ọmọ́títí ránṣẹ́ pé òun kò gba títì. Omi ni òun máa gbà, láti Ẹ̀pẹ́, òun àti Raheemah. Àwọn ìjòyè fa ojú ro, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Àwa lọ sí èbúté.

Òwúrọ̀ ni. Ìkùukùu bolẹ̀ bí òwú. Ìyá Gbémi àti àwọn yòókù wà nínú omi, mo ní kí wọ́n jáde, wọ́n ní àwọn ò jáde, iṣẹ́ àwọn nìyẹn. Bàbá Zechariah wọ sùtánà funfun, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí iyanrìn tútù.

A kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, bí nǹkan tí èèyàn ń rò lójú oorun. Lẹ́yìn náà ó ṣe kedere. Àjẹ̀ méjì ni, wọ́n ń wọ omi pọ̀, wọ́n ń jáde pọ̀, kíákíá, pẹ̀lú agbára tí omi wa kò mọ̀. Wọ́n ń sún mọ́ wa. Wọn ò dẹwọ́. Mo wo òpó, mo wo aṣọ pupa, mo wo abọ́ Ìyá Gbémi. Bàbá Zechariah ti dìde. Ó na ọwọ́ síwájú sínú ìkùukùu, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ nínú àlá rẹ̀, "Ọmọ mi, ibo lò ń yún?"

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Imú ọkọ̀ kan yọ, ó ń yọ́ bọ̀, kò sí ìgbì kankan níwájú rẹ̀. Ọmọ́títí kúnlẹ̀ níwájú, àjẹ̀ rẹ̀ wà lókè, omi ń kán lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Raheemah, ọmọ ìdí pákó, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́, gbé tirẹ̀ náà sókè. Wọ́n gba àárín àwọn aledé kọjá. Ìyá Gbémi kò gbójú sókè.

"Tíṣà," Bàbá Zechariah ní, "àwọn méjèèjì ni àbí?"

"Àwọn méjèèjì ni," mo ní.

Ó wọ inú omi pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, ó fi ọwọ́ wá imú ọkọ̀ náà títí ó fi rí i, ó sì fà á wọlé.